Kí Ni Ó Ń Kó Jọ? Àlàyé lórí Kọ̀ǹpútà Tí Ó Ń Gan Lẹ́yìn Wákàtí Púpọ̀

Ó ṣeé ṣe kí ó ya àwọn kan nínú yín lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni ó dìde láti sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ tí ó ń ṣàìsàn. Kò yẹ kí ó yà yín lẹ́nu. Ohùn àwọn oníjàálá, àwọn asunrárà àti àwọn tí ń sun ẹkún ìyàwó tí a gbà sílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ti kúrò nínú téèpù. Inú kọ̀ǹpútà ni a ti ń gbọ́ ọ, inú rẹ̀ náà ni a sì ń dà á kọ sí. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó ni ohùn náà ti di ará ọ̀run. Bí ẹ̀rọ bá gan mọ́ àdàkọ wákàtí mẹ́ta tí a kò tíì fi pamọ́, wákàtí mẹ́ta mìíràn ni a óò fi dí i. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí a pè wá tún un ṣe bá nu inú rẹ̀ nù, ọ̀dọ̀ ta ni a óò ti lọ gba ohùn òkú?

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ sí ipò rẹ̀. Ohun tí a ń gbọ́ lẹ́nu ará ìlú ni pé kọ̀ǹpútà ‘háńgì’. Èmi fẹ́ràn ‘gan’, nítorí pé bí ó ti rí gẹ́lẹ́ nìyẹn: àwòrán ojú ẹ̀rọ kò parẹ́, fáànù ṣì ń yí, ṣùgbọ́n ọfà kò kúrò lójú kan mọ́, a tẹ bọ́tìnnì títí, kò dáhùn. Èyí yàtọ̀ sí kí ẹ̀rọ kú lójijì, ó sì yàtọ̀ sí kí ó máa wọ́ bí ìgbín.

Nínú gbogbo ohun tí ẹ̀rọ tí ó gan lè fi hàn wá, àkókò ni mo kà sí pàtàkì jù. Kọ̀ǹpútà tí ó gan ní kété tí a tàn án ní àìsàn tirẹ̀ lọ́tọ̀. Èyí tí ó ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́rin geere kí ó tó gan, nǹkan kan ti ń kó jọ nínú rẹ̀ láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Nítorí náà, kí a tó béèrè pé kí ni ó bàjẹ́, ó yẹ kí a béèrè pé kí ni ó ń kó jọ.

Fún àwa tí a ń gbé ní agbègbè Mowe àti Ibafo ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ooru ni ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a fura sí, eruku sì ni abẹ́ṣinkáwọ́ rẹ̀. Òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 1978, ni ó gba agbègbè wa kọjá. Àtúnṣe rẹ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2013 gba ọ̀pọ̀ ọdún, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ akẹ́rù kò dẹ́kun àti máa tú ilẹ̀ sókè. Bí ọyẹ́ bá wá dé, ẹ ti mọ ìyókù. Fáànù kọ̀ǹpútà kò mọ afẹ́fẹ́ yàtọ̀ sí eruku. Méjèèjì ni ó ń fà wọlé.

Lórí ẹ̀yà tí ó jẹ́ ọpọlọ kọ̀ǹpútà ni wọ́n gbé irin kan lé, tí ó ní ewé tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ bí eyín ìyarun, kí ó máa gba ooru lára rẹ̀, kí fáànù sì fẹ́ ooru náà dànù. Ìpara kan wà láàrin àwọn méjèèjì tí kì í jẹ́ kí àlàfo wà. Bí eruku bá dí àárín àwọn ewé irin náà bí òwú, tí ìpara náà sì gbẹ, tí ó sán, ooru kò ní ọ̀nà àbáyọ mọ́. Ọ̀pọ̀ irú ọpọlọ yìí ni wọ́n ṣe kí ó lè fara da ooru tí ó tó nǹkan bí 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí ó bá ti ń súnmọ́ ọn, yóò dẹ ìrìn, bí ooru kò bá sì rọlẹ̀, yóò pa ara rẹ̀ kí ó má baà jóná. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹ̀yà tí ó yí i ká ni ó ní irú aṣọ́nà bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ṣìwà hù, ẹ̀rọ yóò gan.

Báwo ni a ṣe lè mọ̀ pé ooru ni? A óò tún ẹ̀rọ náà tàn lójú ẹsẹ̀, a kò ní jẹ́ kí ó sinmi. Kọ̀ǹpútà ilé mi máa ń gan lọ́sàn-án lẹ́yìn nǹkan bí wákàtí mẹ́rin. Mo tún un tàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ó tún gan. Ní ọjọ́ kejì, mo ṣí ìhà rẹ̀ kan, mo kọjú fáànù onídùúró sí i, ó ṣiṣẹ́ di alẹ́. Ẹni tí ó kọ́kọ́ wá wò ó kò tilẹ̀ ṣí i kí ó tó sọ pé fáírọ́ọ̀sì ni, àti pé kí a nu gbogbo inú rẹ̀ nù. Mo ní kí ó máa lọ sílé rẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì wo ni ó ń bẹ̀rù fáànù? Ohun tí a ṣe kò ju èyí lọ: a pa á, a yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára iná, a fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá eruku náà, a fi ìka di abẹ fáànù mú kí ó má baà máa yí bí a ti ń fẹ́ atẹ́gùn sí i, a fi sípírítì nu ìpara àtijọ́, a sì fi tuntun tí kò ju hóró ẹ̀wà kan lọ dípò rẹ̀.

Bí a bá tún ẹ̀rọ tàn lójú ẹsẹ̀, tí ó sì tún ṣe wákàtí mẹ́rin rẹ̀ pé kí ó tó gan, ọ̀rọ̀ ti yípadà. Ooru kì í lọ láàrin ìṣẹ́jú kan. Ohun tí àtúntàn ń nù kúrò lẹ́ẹ̀kan náà ni ohun tí ó wà nínú iyè kọ̀ǹpútà, ìyẹn ibi tí ó ń gbé iṣẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí. Àwọn ètò kan wà tí wọ́n ń yá ààyè níbẹ̀ tí wọn kì í dá a padà. Lórí Windows, kí a tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ ní wákàtí kìn-ín-ní, kí a kọ iye tí ètò kọ̀ọ̀kan ń lò sílẹ̀, kí a sì tún wò ó ní wákàtí kẹta: èyí tí ó ń wú ṣáá nígbà tí a kò fi ṣe nǹkan kan, òun ni ajẹgbèsè.

Kò yẹ kí a fojú kékeré wo irú àléébù yìí. Windows 95 ní òǹkà kan nínú tí ó máa ń kún lẹ́yìn ọjọ́ 49.7, ẹ̀rọ náà sì lè gan nígbà náà. Èyí tí ó burú jù ṣẹlẹ̀ ní Dhahran ní Saudi Arabia, ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì, 1991. Ẹ̀rọ Patriot tí àwọn ọmọ-ogun Amẹ́ríkà fi ń ṣọ́ ojú ọ̀run ti ṣiṣẹ́ ju wákàtí 100 lọ láìsinmi. Ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá ni kọ̀ǹpútà rẹ̀ fi ń ka àkókò, ṣùgbọ́n ìṣirò rẹ̀ kò lè kọ iye yẹn pé pérépéré. Àṣìṣe tín-ín-tín náà kó jọ di nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ̀rọ wá ọta Scud tí ń bọ̀ níbi tí kò sí, ọmọ-ogun 28 sì kú. Wọ́n ti kìlọ̀ tẹ́lẹ̀ pé lílò rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ léwu, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ náà kò sọ iye wákàtí. Àtúnṣe dé Dhahran ní ọjọ́ kejì.

Ti iná ni ó kù, ó sì kan àwa tí ẹ̀rọ tòkunbọ̀ wà lọ́wọ́ wa. Ní 2005, ẹgbẹ́ Basel Action Network ròyìn pé nǹkan bí kọ̀ntéínà 500 irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ni ó ń gba Èkó wọlé lóṣooṣù, tí púpọ̀ nínú ohun tí ó wà nínú wọn kò sì ṣeé tún ṣe. Àwọn ọdún yẹn náà ni kapásítọ̀, àwọn ágolo kéékèèké tí ń tọ́jú iná lórí pátákó kọ̀ǹpútà, ń wú tí wọ́n sì ń jo; àwọn OptiPlex kan tí Dell ṣe láàrin 2003 sí 2005 wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Òkè ágolo náà yẹ kí ó tẹ́ pẹrẹsẹ; bí ó bá wú bí ikùn aláboyún, a kò ní máa wá fáírọ́ọ̀sì kiri. Bí ó bá sì jẹ́ aago ara ògiri ni ẹ̀rọ ń tẹ̀ lé, tí ó ń gan ní agogo méje alẹ́ nígbà tí gbogbo àdúgbò tan iná, yálà ó ti pẹ́ lórí iṣẹ́ tàbí kò pẹ́, kí a wo iná ilé kí a tó wo kọ̀ǹpútà. UPS tí bátìrì rẹ̀ dára yóò fi hàn bóyá òun ni.

Kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun nínú èyí, kí a kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà iṣẹ́ wa sí ibi méjì, kí ọ̀kan má sì sí nínú ilé kan náà. Bí ọ̀rọ̀ bá wá ju agbára ẹni lọ, kí a kọ ọ́ sínú ìwé fún ẹni tí yóò tún un ṣe: agogo tí a tàn án, agogo tí ó gan, iye ìṣẹ́jú tí ó lò nígbà tí a tún un tàn, bóyá iná ìlú tàbí jẹnẹrétọ̀ ni a ń lò, àti pé a kò fún un láṣẹ láti nu ohunkóhun nù.