Igi, Ọmọdé àti Ìṣesí Ojú-Ọjọ́: Àyẹ̀wò Èdè-Ìperí Mẹ́ta

Ohun tí a kò bá mọ orúkọ rẹ̀, ó ṣòro kí a tó lè tọ́jú rẹ̀. Ète àpilẹ̀kọ yìí ni láti yẹ díẹ̀ wò nínú àwọn èdè-ìperí tí a fi ń kọ́ ọmọdé nípa igi àti ojú-ọjọ́, kí a sì dábàá èyí tí yóò wúlò ní kíláàsì. Àwọn ọmọ Orílẹ̀-Òwu, Ìkirè àti Àpòmù ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni a ní lọ́kàn.

Ìdí tí a fi yan agbègbè yìí kò fara sin. Ọ̀rọ̀ ọjà Àpòmù wà lára ohun tí ó dá ogun Òwu sílẹ̀. Ìlú náà tú ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé 1820, igbó sì bo ibẹ̀. Nílẹ̀ Yorùbá, igi ni a fi ń dá ahoro mọ̀. Níbi tí pẹ̀rẹ́gún, akòko tàbí odán bá ti dúró, àgbà yóò sọ pé ènìyàn ti gbé ibẹ̀ rí. Lónìí, oko kòkó ni iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ìdílé níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kòkó kékeré kò lè ṣe láìsí ibòji. Nítorí náà, bí a bá sọ fún ọmọ àgbẹ̀ pé òjò àti igi bá ara wọn tan, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì ni a bá a sọ.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo èdè-ìperí mẹ́ta.

(1) *Ìṣesí ojú-ọjọ́*. ‘Àyípadà ojú-ọjọ́’ ni a sábà ń gbọ́ lórí rédíò. Ṣùgbọ́n ojú-ọjọ́ ni ohun tí a ń rí lónìí: ó lè ṣú ní àárọ̀, kí ó mọ́ ní ọ̀sán. Létí ọmọdé, àyípadà rẹ̀ kò ju pé òjò fẹ́ rọ̀. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì a máa ṣe àkójọ nǹkan bí 30 ọdún kí wọ́n tó sọ bí ojú-ọjọ́ ibì kan ti máa ń rí. Ọjọ́ kan kì í fi ìṣesí ènìyàn hàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ojú-ọjọ́. A dábàá ‘àyípadà ìṣesí ojú-ọjọ́’.

(2) *Afẹ́fẹ́ èédú*. Àwọn kan ń pe èyí ní ‘afẹ́fẹ́ olóró’. Orúkọ náà ń ṣini lọ́nà, nítorí pé a ń mí in síta, igi sì ń lò ó. Nǹkan bí ìdajì ìwọ̀n igi gbígbẹ ni kábọ́nì, òun náà ni ó pọ̀ jù nínú èédú. Ọmọ tí ó ti rí èédú rí yóò tètè lóye pé ohun tí igi kó pamọ́ ni iná ń tú padà sínú afẹ́fẹ́. Ṣáájú ìgbà tí ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ gbilẹ̀, nǹkan bí 280 ni ó wà nínú 1,000,000 ìpín afẹ́fẹ́. Ó ti ju 420 lọ báyìí, ó sì ń mú ooru dúró bí aṣọ ìbora. Ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, a lè lo ‘kábọ́nì’.

(3) *Ìfoòrùnṣoúnjẹ*. Èyí ni iṣẹ́ tí ewé ń fi oòrùn, omi àti afẹ́fẹ́ èédú ṣe. ‘Ṣe’ ni a lò, kì í ṣe ‘sè’, nítorí pé ewé kì í dáná.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá rò pé àlá lásán ni èyí, kí ó rántí iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà tí Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970 ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's ‘A’, Mọdákẹ́kẹ́, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá. Yorùbá ni a fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní sáyẹ́ǹsì, wọn kò sì rẹ̀yìn sí ẹgbẹ́ wọn.

Orúkọ nìkan kò tó. Iṣẹ́ ọwọ́ ni yóò fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀. Ní 2007, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan ní Jámánì, Felix Finkbeiner, gbọ́ nípa igi tí Wangari Maathai ti ń gbìn ní Kẹ́ńyà láti 1977, òun náà sì ké sí àwọn ọmọdé láti gbin 1,000,000 igi ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan. Àbá tiwa kéré ju èyí lọ. Kí kíláàsì kọ̀ọ̀kan yan ìrókò, afàrà, arère tàbí ahùn kan, kí wọ́n mọ orúkọ rẹ̀, kí wọ́n sì máa fi okùn wọn ìdí rẹ̀ lọ́dọọdún. Bí okùn ti ń gùn sí i ni èédú tí igi náà kó pamọ́ ń pọ̀ sí i. Kí olùkọ́ má sì ṣe fi pamọ́ fún wọn pé igi nìkan kò lè kó èéfín epo tí gbogbo ayé ń sun tán.

Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí a fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀; ní 2025, wọ́n fagi lé e. Iṣẹ́ àwa onímọ̀ èdè kò tí ì tán nítorí èyí. Ńṣe ni ó pọ̀ sí i. Bí ‘afàrà’ àti ‘arère’ bá di ‘igi’ lásán lẹ́nu ọmọ, ta ni yóò mọ̀ lọ́jọ́ tí èyí tí ó kẹ́yìn bá wó? A ń retí àtúnṣe àwọn òǹkàwé sí àwọn àbá wọ̀nyí, pàápàá àwọn olùkọ́ tí wọ́n bá ti dán wọn wò ní kíláàsì.