Bí Aládìrẹ Ṣe Lè Rí Ọjà Tà Láì Bá Ayédèrú Du Owó Pọ́ọ́kú

Ẹni tí ó bá wọ ọjà Ìtòkú ní Abẹ́òkúta lónìí yóò rí oríṣi aṣọ méjì lórí àtẹ kan náà. Èkíní ni àdìrẹ tí a fi ọwọ́ ṣe. Èkejì ni aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní òkè òkun, tí wọ́n ya iṣẹ́ ọnà àdìrẹ sí lára. Èkejì yìí kò wọ́n rárá, ìdí sì nìyí tí àwọn aládìrẹ kan fi ń dín owó ọjà wọn kù kí oníbàárà má baà kọjá lọ.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ wò. Ká ní gbogbo ohun tí ẹ ná lé aṣọ kan lórí, láti orí aṣọ funfun, aró àti owó ọkọ̀ títí dé owó iṣẹ́ (ọ̀pọ̀ wa kì í ka owó iṣẹ́ ara wa mọ́ ọn), jẹ́ ₦9,000, tí ẹ sì ń tà á ní ₦12,000. Èrè yín jẹ́ ₦3,000. Bí ẹ bá yọ ₦1,000 péré fún ẹni tí ó ń nájà, ìdá kan nínú mẹ́ta èrè náà ti lọ. Aṣọ mẹ́ta ni ẹ ó tà kí ẹ tó rí èrè tí méjì ń mú wá tẹ́lẹ̀. Ó rọrùn fún ẹ̀rọ láti fi kún iye aṣọ tí ó ń ṣe. Kò rọrùn fún ọwọ́ ènìyàn.

Ìyàtọ̀ ni ó yẹ kí aládìrẹ máa tà. Oníbàárà tí kò mọ ìyàtọ̀ kò lè sanwó fún un, ẹ̀bi rẹ̀ kọ́. Ẹ yí aṣọ náà padà níwájú rẹ̀: èyí tí a rẹ sínú aró máa ń mu aró dé ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ sábà máa ń funfun ju iwájú lọ. Ẹ sọ fún un bóyá oníko ni, tí a fi ìko dì, tàbí alábẹ́rẹ́ tí a rán, tàbí ẹlẹ́kọ, tí a fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ láfún sí lára kí aró má baà wọ ibẹ̀. Bí iṣẹ́ ọnà rẹ̀ bá ní orúkọ, bí Olókun tàbí Ìbàdàndùn, ẹ dá a. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn aṣọ rẹ̀ yóò sọ ọ́ fún àwọn tí wọ́n bá bi í pé níbo ni ó ti rà á.

Lórí WhatsApp, ojúmọmọ ni kí ẹ ti ya àwòrán, nítorí iná mànàmáná máa ń yí àwọ̀ aró padà. Ẹ ya fídíò kékeré nígbà tí ẹ bá ń tú ìdì aṣọ. Kò sí ohun tí ó dùn ún wò tó o. WhatsApp Business, tí a kì í sanwó fún, ní ibi tí ẹ lè to àwòrán àti iye owó sí. Ẹ má fi iye owó pamọ́: ọ̀pọ̀ oníbàárà kì í béèrè, wọn a kàn kọjá lọ.

Ṣùgbọ́n ìkéde kò lè gba aṣọ tí kò dára sílẹ̀. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, àwọn oníṣòwò láti Senegal àti Gold Coast, tí ó di Ghana, máa ń ra àdìrẹ Abẹ́òkúta. Nígbà tí ó yá, ọjà náà dẹnu kọlẹ̀. Ọ̀dá owó àgbáyé wà lára ohun tí ó fà á, ṣùgbọ́n wọ́n tún fẹ̀sùn kàn pé sódà kọ́sítíìkì àti aró òyìnbó ń ba aṣọ jẹ́. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì fòfin dè wọ́n ní àwọn ọdún 1930, tí àwọn aláró sì takò ó. Bí ẹ bá ń lo sódà lónìí, ẹ wọ̀n ọ́n bó ti yẹ, kí ẹ sì ṣan aṣọ náà dáadáa. Ẹ kìlọ̀ fún oníbàárà pé kí ó má ṣe fọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ aṣọ funfun.

Ẹ rán àkọlé kékeré tí ó ní orúkọ okòwò àti nọ́ńbà fóònù yín mọ́ etí aṣọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tí ó rà á sínú ìwé, nítorí ẹni tí ó ra ọ̀pá márùn-ún lónìí lè wá aṣọ ẹbí lọ́la. Ẹ lè fi orúkọ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ CAC lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ni ilé ìfowópamọ́ máa ń béèrè kí wọ́n tó ṣí àkáǹtì ní orúkọ okòwò.