Bí Ọmọ Bá Sọ Pé Wọ́n Fipá Bá Òun Lò

Ẹ̀yin òǹkàwé mi ní Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù, ìwádìí ọdún 2014 fi hàn pé ọmọbìnrin 1 nínú 4 ní Nàìjíríà, àti ọmọkùnrin 1 nínú 10, ló ti jìyà ìṣekúṣe lọ́wọ́ ẹlòmíràn kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún 18. Díẹ̀ ni èmi nọ́ọ̀sì ń rí ní dìsípẹ́ńsárì. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà: ojúlùmọ̀ ló sábà ń ṣe é, ìyá á sì ní, "Kí aráyé má gbọ́."

Ẹ gba ọmọ gbọ́. Ẹ má bi í pé, "Kí lo lọ ṣe níbẹ̀?" Ẹ má tíì wẹ̀ ẹ́, ẹ má fọ aṣọ rẹ̀. Kí wákàtí 72 tó kọjá ni a gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ oògùn tí ń dènà éèdì. Ti oyún kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ 5 lọ. Bí ọjọ́ bá ti kọjá, ẹ ṣì mú un wá. Ẹ̀bi ọmọ kọ́.