Àgbà Mẹ́fà ní Òpópónà Wa

Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ìròyìn tàn ká àdúgbò tí mo ń gbé nítòsí Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, pé nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ ọmọ Yorùbá ti ra ilé ní òpópónà wa. Ó fẹ́ fi í ṣe ibùgbé àti ibi ìtọ́jú fún àgbàlagbà mẹ́fà tí àìsàn ìgbàgbé ń bá jà. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, àwọn aládùúgbò ti kọ ìwé ẹ̀hónú, wọ́n sì ń gbé e kiri láti ojúlé dé ojúlé.

Ohun mẹ́rin ni wọ́n kọ sínú rẹ̀: pé ọkọ̀ yóò pọ̀ jù, pé áńbúláǹsì yóò máa han lóru, pé àwọn arúgbó yóò máa ṣìnà wọ ilé onílé, àti pé owó ilé wa yóò wálẹ̀. Ẹni tó gbé ìwé náà wá bá mi jẹ́ ọmọ Yorùbá, ẹni tí mò ń pè ní ẹ̀gbọ́n. Ó ní, “Àbúrò, a kò kórìíra arúgbó o. Ṣùgbọ́n ilé gbígbé la rà, a kò ra ọsibítù.” Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì dá ìwé náà padà láìfọwọ́ sí i. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí rẹ̀.

Lákọ̀ọ́kọ́, òfin ti sọ̀rọ̀ lórí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀rù wọ̀nyí. Òfin Texas gba irú ilé bẹ́ẹ̀ láàyè láàrin ilé gbígbé, bí àwọn tí à ń tọ́jú kò bá ju mẹ́fà lọ, tí àwọn alábòójútó tó ń gbé ibẹ̀ kò sì ju méjì. Ìdajì máìlì, ó kéré tán, gbọ́dọ̀ wà láàrin ilé kan àti èkejì. Ọkọ̀ àwọn ará ilé náà pàápàá kò gbọdọ̀ ju iye yàrá ibùsùn wọn lọ. Láti ọdún 1988 sì ni òfin ìjọba àpapọ̀ ti ka á léèwọ̀ láti tìtorí àìlera ẹni fi ibùgbé dù ú.

Irú ìjà yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1980, ẹnìkan ra ilé ní ìlú Cleburne, ní Texas kan náà, kí ènìyàn mẹ́tàlá tí òye wọn kò tó ti ẹgbẹ́ wọn lè máa gbé ibẹ̀. Ìgbìmọ̀ ìlú kọ̀ láti fún wọn níwèé àṣẹ. Ní ọjọ́ 1 oṣù Keje 1985, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní Amẹ́ríkà dá ìlú náà lẹ́bi. Àwọn adájọ́ rí i pé ìlú kì í béèrè irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọsibítù tàbí ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ síbẹ̀. Ìbẹ̀rù aládùúgbò nìkan kò tó ohun tí a ó fi ti ilẹ̀kùn mọ́ ènìyàn.

Lẹ́ẹ̀kejì, ọ̀ràn yìí kì í ṣe àjèjì sí àwa Yorùbá. A ní ọ̀rọ̀ fún un: a máa ń sọ pé àgbà ń ṣarán. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Ìbàdàn àti Indianapolis, tó jáde ní 2001, wo àwọn tó ti pé ọdún 65 lọ sókè. Lọ́dọọdún, 1.35 nínú 100 ni àìsàn ìgbàgbé ń ṣẹ̀ṣẹ̀ mú láàrin àwọn Yorùbá Ìbàdàn. Láàrin àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis, ó jẹ́ 3.24. Ó kéré lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ó wà. Nínú agboolé, bí àgbà bá ṣìnà jáde, ọmọdé tó ń ṣeré lẹ́nu ọ̀nà ni yóò fà á lọ́wọ́ padà. Síbẹ̀, kí a má purọ́: àwọn ìyá kan wà tí wọ́n pè ní àjẹ́ nítorí pé wọ́n ń rìn lóru. Ẹ̀rù kan náà ló wà nínú ìwé ẹ̀hónú yìí. Aṣọ ló pààrọ̀.

Níbí, kò sí agboolé. Tọkọtaya ń lọ síbi iṣẹ́, ilé á wà ní títì. Ilé àgbà mẹ́fà, tí ẹnìkan wà lójúfò lóru, ló sún mọ́ agboolé jù lọ nínú ohun tí a ní.

Lẹ́ẹ̀kẹta, Màmá kan wà ní òpópónà wa tí ọkọ rẹ̀ jẹ́ olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Bàbá kò mọ ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ mọ́. Nígbà ìpàdé àdúgbò, lẹ́yìn tí gbogbo wa ti sọ tẹnu wa, Màmá béèrè pé, “Ibo wá lẹ fẹ́ kí n gbé e lọ?” Kò sẹ́ni tó fèsì. Ilé ìtọ́jú tó ní àyè fún Bàbá tó ìrìn wákàtí kan, Màmá kò sì lè wakọ̀ lóru mọ́. Bí ilé nọ́ọ̀sì yìí bá ṣí, ẹsẹ̀ ni yóò máa fi rìn lọ wò ó ní ìrọ̀lẹ́.

N kò ní kí a káwọ́ gbera. Ó yẹ kí a béèrè: ṣé ìpínlẹ̀ ti fún nọ́ọ̀sì náà níwèé àṣẹ? Ẹni mélòó ni kò ní sùn lóru? Kí ni yóò dún bí ilẹ̀kùn bá ṣí? Báwo ni wọn yóò ṣe kó àwọn àgbà jáde bí iná bá ṣẹ́ yọ? Ìdáhùn wọ̀nyí yóò dáàbò bo àwọn àgbà, yóò sì fi ọkàn wa balẹ̀. Ìwé ẹ̀hónú náà kò béèrè ọ̀kankan nínú wọn. Àwa díẹ̀ ti ṣètò láti lọ béèrè wọn lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì náà ní Sátidé tó ń bọ̀, Màmá yóò sì bá wa lọ.

Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní ń mu. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá dé ẹnu ọ̀nà yín, ẹ béèrè ọ̀rọ̀ kí ẹ tó mú kálàmù.