Ẹ Má Jẹ́ Kí Ìrìn Àjò Àgbádárìgì Parí Sínú Fóònù

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń lọ wo àwọn ibi ìtàn ní Àgbádárìgì, tí wọn yóò ya fọ́tò lóríṣiríṣi, ṣùgbọ́n bí ọdún méjì bá kọjá, wọn kì í lè sọ ibi tí wọ́n ti ya á mọ́. Bí fóònù bá sì sọnù, ó parí nìyẹn. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ìdílé kọ̀ọ̀kan ní ìwé ìrántí, ìyẹn ìwé tí a ń lẹ fọ́tò àti tíkẹ́ẹ̀tì mọ́, tí a sì ń kọ àlàyé sí ẹ̀gbẹ́ wọn.

Ẹ ra ìwé ńlá tí ewé rẹ̀ nípọn. Lọ́jọ́ ìrìn àjò, ẹ mú ìwé kékeré àti pẹ́ńsù dání. Bí ẹ bá dé iwájú ilé tí wọ́n ń pè ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, èyí tí àwọn ajíhìnrere kọ́ parí lọ́dún 1845, ẹ kọ ọjọ́, orúkọ àwọn tí ẹ jọ lọ, àti ohun tí ẹni tó ń mú yín káàkiri sọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ ṣe bí ẹ bá wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá ọ̀sà, lọ síbi tí wọ́n ti ń kó àwọn ẹrú lọ sókè òkun láìpadà wálé mọ́. Ohun tó bá sọ sí yín lọ́kàn níbẹ̀, ẹ kọ ọ́ kí ẹ tó sùn.

Bí ẹ bá délé, ẹ yan fọ́tò méjì péré fún ibì kọ̀ọ̀kan. Ẹ má lo sẹlotéèpù, nítorí ó máa ń pọ́n, á sì ba fọ́tò jẹ́. Gọ́ọ̀mù tó wà fún bébà ló dáa. Ẹ má sì mú òkúta tàbí bíríkì kúrò níbẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì yín ti tó. Ẹ fi ojú ewé kan sílẹ̀ fún àgbà ilé, kí ẹ kọ ìtàn tí òun náà gbọ́ nípa ìlú náà síbẹ̀.

Iṣẹ́ ọmọdé kọ́ lèyí o. Igi Àgíyà, tí ìtàn sọ pé abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti wàásù ìhìnrere lọ́dún 1842, wó lulẹ̀ lọ́dún 1959. Àwọn tó fojú rí i lórí ìdúró ti di arúgbó, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti lọ. Fọ́tò tí kò ní orúkọ àti ọjọ́ kò lè sọ̀rọ̀ fún ọmọ tí a kò tíì bí. Ẹ jẹ́ kí tiyín lè sọ̀rọ̀.