Ṣé Àjẹ́ ni Karaba? Ohun tí àgbàlagbà rí nígbà tó tún fíìmù Kirikou wò

Ìfáárà

Nínú àwa tí a kọ́ ìwé ní Faransé ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ekukáká ni a fi lè rí ẹni tí kò mọ Kirikou, ọmọkùnrin kékeré tó ń sáré ju ẹṣin lọ. Ọdún 1998 ni fíìmù kátúùnù náà, Kirikou et la Sorcière, jáde. Michel Ocelot, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí ó lo ìgbà èwe rẹ̀ ní ìlú Conakry ní Guinea, ni ó kọ ìtàn rẹ̀, òun náà ni ó sì darí rẹ̀. Dakar ni wọ́n ti gba ohùn àwọn òṣèré sílẹ̀: Awa Sène Sarr, òṣèré ará Senegal, ni a ń gbọ́ lẹ́nu Karaba. Youssou N'Dour ni ó ṣe orin rẹ̀. Ní 1999, ó gba ẹ̀bùn àkọ́kọ́ ní àjọ̀dún fíìmù kátúùnù ní Annecy.

Mo wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà tí mo kọ́kọ́ wò ó, lórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò, nílé aládùúgbò wa kan ní Parakou. Gbogbo àwa ọmọ àdúgbò jókòó sórí ẹní. Faransé wa kò tíì jinlẹ̀, nítorí náà ẹ̀gbọ́n kan tó ti wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá fún wa bí ó ti ń lọ. Nígbàkígbà tí wọ́n bá pe "sorcière", "àjẹ́" ni ẹ̀gbọ́n ń sọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn dẹ́rù bà wá ju àwòrán lọ.

Láìpẹ́ yìí ni mo tún un wò pẹ̀lú ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọbìnrin ọmọ ọdún méje. Fíìmù kò tíì lọ jìnnà tó fi yíjú sí mi.

"Àǹtí, ṣé Kirikou náà kì í ṣe àjẹ́?"

Mo ní kí ló dé tó fi rò bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi ní ilé-ìwé sọ pé ọmọ tí wọn kò bá bí bí wọ́n ṣe ń bí ọmọ, àjẹ́ ni."

Ìbéèrè yìí ni ó mú mi kọ àpilẹ̀kọ yìí. Mo fẹ́ ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ tí a bá fi túmọ̀ ìtàn ṣe lè yí ìtàn náà padà, àti ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì ní ìlú bíi Parakou.

Ìtàn náà ní ṣókí

Ọmọ kan sọ̀rọ̀ láti inú ikùn pé kí ìyá òun bí òun. Ìyá fèsì pé ọmọ tó bá lè sọ̀rọ̀ nínú ikùn lè bí ara rẹ̀. Ọmọ jáde fúnra rẹ̀, ó já okùn ìwọ́ rẹ̀, ó sì dárúkọ ara rẹ̀. Abúlé náà wà nínú ìpọ́njú. Omi orísun ti gbẹ, Karaba ń gba wúrà àwọn obìnrin, àwọn ọkùnrin tó lọ bá a jà kò sì padà. Gbogbo ènìyàn ló gbà pé ó ti jẹ wọ́n. Kirikou nìkan ni kò yé béèrè ìdí tí Karaba fi burú.

Kò sí ẹni tó dá a lóhùn títí ó fi dé ọ̀dọ̀ bàbá ìyá rẹ̀ nínú òkè. Bàbá àgbà ní Karaba kò jẹ ẹnikẹ́ni rí. Ó sọ àwọn ọkùnrin náà di ère tó ń jíṣẹ́ fún un ni. Ó ní ẹ̀gún olóró kan wà lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ọkùnrin ni wọ́n dì í mú tí wọ́n fi gún un. Ẹ̀gún náà ló ń fún un ní agbára, òun náà ló sì ń dá a lóró tọ̀sán tòru. Kirikou bẹ̀bẹ̀ fún oògùn ààbò, bàbá àgbà kò fún un. Ó fi ọgbọ́n tan Karaba jáde, ó sì fi eyín fa ẹ̀gún náà yọ.

Àwọn ọ̀rọ̀ tó ṣòroó túmọ̀

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí "oncle". Nínú fíìmù náà, oncle Kirikou kan ṣoṣo ló kù láàárín àwọn jagunjagun. Yorùbá kò lè túmọ̀ ọ̀rọ̀ yìí láìbéèrè: ṣé ti bàbá ni àbí ti ìyá? Ṣé ẹ̀gbọ́n ni àbí àbúrò? Faransé gbójú fo ohun tí èdè tiwa kà sí pàtàkì.

Èkejì ni ọ̀wọ̀. Ọ̀rọ̀ àṣẹ ẹlẹ́nìkan ni Kirikou fi bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ láti inú ikùn. Kò sí àrífín nínú èyí ní Faransé, nítorí pé bí ọmọ ṣe ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ní Yorùbá tó gbajúmọ̀, "ẹ" ni ọmọ ń lò fún ìyá rẹ̀. Bí atúmọ̀ bá lo "o", Kirikou di ọmọ aláìlẹ́kọ̀ọ́ kó tó wáyé. Bí ó bá lo "ẹ", ó di ọmọ tó gbọ́n tó sì mọ ẹ̀tọ́.

Ẹ̀kẹta ni "fétiche". Ọ̀dọ̀ àwọn Potogí ni Faransé ti yá a: feitiço, ìyẹn oògùn tàbí ohun tí a fi ọwọ́ ṣe. Àwọn àjòjì fi ọ̀rọ̀ yìí pe gbogbo ohun tí wọ́n bá ní ojúbọ ní etíkun wa. Bí a bá túmọ̀ rẹ̀ sí "òrìṣà" nínú fíìmù yìí, a ti ba òrìṣà lórúkọ jẹ́, nítorí pé àwọn ẹrú onígi ni fétiche Karaba, ẹnikẹ́ni kì í bọ wọ́n. "Ère" ló sún mọ́ ọn jù.

Ẹ̀kẹrin, tó jẹ́ olórí wọn, ni "sorcière". Láti inú èdè Látìnì, sors, ni ó ti wá, ìyẹn kèké tí a ń ṣẹ́. Ẹni tó ń ṣẹ́ kèké ni ní ìbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ẹni tó ń jẹ ènìyàn. Àjẹ́ tiwa yàtọ̀. Òkùnkùn ni àjẹ́ ti ń ṣiṣẹ́, ojú lásán kò rí i, ó ní ẹyẹ, ó sì ní ẹgbẹ́. A kì í tilẹ̀ fẹ́ dárúkọ rẹ̀. "Àwọn ìyá wa" tàbí "ẹlẹ́yẹ" ni a ń fi bo ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tún máa ń so ó pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe "jẹ". Karaba kò ní ẹyẹ, kò ní ẹgbẹ́, ilé rẹ̀ hàn gbangba, ọ̀sán gangan ló sì ń ṣe ibi. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀gbọ́n wa ti pè é ní àjẹ́, àwa ọmọdé ti mọ ìdí tó fi burú: àjẹ́ ni. Ìbéèrè Kirikou kò wúlò fún wa mọ́. Ọ̀rọ̀ kan ti dáhùn rẹ̀ kí bàbá àgbà tó la ẹnu.

Ọmọ tó wáyé lọ́nà mìíràn

Níbí ni ìbéèrè ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti wọlé. Parakou ni olú-ìlú ẹkùn Borgou. Baatonum, Dendi, Yorùbá, Fulfulde àti Faransé ń pàdé lójú pópó kan náà níbẹ̀. Láàárín àwọn Baatombu, tí Yorùbá ń pè ní Bàrìbá, ìgbàgbọ́ àtijọ́ kan wà pé àjẹ́ ni ọmọ tó bá fi ẹsẹ̀ kọ́kọ́ jáde, tó dojú bolẹ̀ wáyé, tàbí tí eyín òkè rẹ̀ bá kọ́kọ́ hù. Wọ́n ń pa irú ọmọ bẹ́ẹ̀, tàbí kí wọ́n gbé e sọnù. Carolyn Sargent, onímọ̀ àṣà ẹ̀dá ará Amẹ́ríkà, tẹ àpilẹ̀kọ jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1988. Ìwádìí UNICEF ti 2010 náà mẹ́nu bà á.

Àwọn Fúlàní gba àwọn kan lára àwọn ọmọ náà tọ́. Wọ́n wà lára àwọn tí a ń pè ní Gando, pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹrú àtijọ́. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ní láti fiyè sí èyí: ẹni tí àwọn òbí rẹ̀ ń sọ Baatonum di ẹni tí Fulfulde jẹ́ èdè abínibí rẹ̀, nítorí ọ̀nà tó gbà wáyé.

Kí Yorùbá má ṣe yangàn o. Ní àtijọ́, àwọn ìlú Yorùbá kan pa ìbejì, kí wọ́n tó di ẹni tí a ń kí tí a sì ń kọrin fún. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí èdè ṣe fún àwọn yòókù. Ọmọ tó fi ẹsẹ̀ jáde, Ìgè ni. Ọmọ tó dojú bolẹ̀, Àjàyí ni. A fún un ní orúkọ àmútọ̀runwá, a sì fún un ní oríkì. Àmì kan náà tó sọ ọmọ kan di ẹni ẹ̀rù níbì kan, orúkọ ni níbòmíràn. Àjàyí Crowther, tí ó tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843, tí gbogbo wa ń kà nípa rẹ̀ ní kíláàsì, ọ̀kan nínú àwọn tó ń jẹ́ orúkọ yìí ni.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti bá àṣà náà jà ní Borgou, àwọn Baatombu fúnra wọn wà lára wọn, òfin ọmọdé tí Benin ṣe ní 2015 sì fi ìyà sí pípa irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ṣì ń rìn nínú ọgbà ilé-ìwé, àti ní Yorùbá pàápàá. Bí a bá wò ó dáadáa, Kirikou tó sọ̀rọ̀ nínú ikùn ìbá ti kú ní ọjọ́ àkọ́kọ́ bí ó bá bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń bẹ̀rù irú àmì bẹ́ẹ̀. Ta ni ì bá wá fa ẹ̀gún yọ?

Ẹ̀gún tí ọmọdé kò rí

Nígbà tí mo jẹ́ ọmọdé, ìtàn ọmọ kékeré tó ṣẹ́gun àjẹ́ ni mo wò. Lọ́tẹ̀ yìí, obìnrin kan tí àwọn ọkùnrin dì mú tí wọ́n sì ṣe léṣe ni mo rí. Kò sí ẹni tó béèrè ohun tó ṣe é. Orúkọ nìkan ni wọ́n fún un. Mo rí i pẹ̀lú pé irọ́ ni ẹ̀sùn tó tóbi jù, pé ó ń jẹ ènìyàn. Àwọn ará abúlé kò purọ́ mọ̀ọ́mọ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní lẹ́nu kò jẹ́ kí wọ́n rò ó lọ́nà mìíràn ni. Nígbà tí Karaba fi bọ́ lọ́wọ́ oró, tí Kirikou sì di géńdé ọkùnrin, wọ́n ṣì fẹ́ lé e lọ.

Àgbálọgbábọ̀

Kí wá ni kí a pe Karaba ní Yorùbá? Èmi yóò yan "olóògùn". Mo mọ̀ pé ó ní àbùkù: ìrora ló ń fún Karaba lágbára, kì í ṣe ewé àti egbò. Ṣùgbọ́n a lè béèrè lọ́wọ́ olóògùn pé, "Kí ló sọ ọ́ di báyìí?" A kì í béèrè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àjẹ́. Bí ẹ bá ní ọ̀rọ̀ tó dára jù, ẹ mú un wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ wa kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, mo sọ fún un pé Kirikou kì í ṣe àjẹ́, ọmọ ni. Mo ní bó bá jẹ́ ilé wa ni wọ́n bí i sí, orúkọ ni à bá wá fún un. Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Ṣùgbọ́n ó ti sọ ara rẹ̀ lórúkọ." Òótọ́ ló sọ. A wò ó dópin. Lọ́jọ́ kejì ó ní òun fẹ́ ya fíìmù náà fún ọ̀rẹ́ òun, mo sì fi lé e lọ́wọ́.