Ilẹ̀kùn tí ó ń wojú àlejò

Ní ayé àtijọ́, oníbodè kì í ṣe ènìyàn lásán ní ìlú Yorùbá. Òun ni ó ń jókòó sí ẹnu odi, tí ó ń gba owó ibodè lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò, tí ó sì ń fi ojú wọn ẹni tí ó fẹ́ wọlé, bóyá èrò ọjà ni tàbí amí ogun. Ó ti pẹ́ tí àwọn ọlọ́gbọ́n ayé ti ń wá ilẹ̀kùn tí yóò máa ṣí fúnra rẹ̀ láìsí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò tí ì pẹ́ púpọ̀ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá èyí tí yóò mọ ẹni tí ó yẹ kí ó ṣí fún. Ọ̀rọ̀ ìkejì yìí ni ó le.

Hero, ará Alẹkisáńdíríà ní ilẹ̀ Íjíbítì, ti ṣe àpèjúwe ilẹ̀kùn tẹ́ńpìlì kan ní nǹkan bí 1,900 ọdún sẹ́yìn: bí àlùfáà bá dá iná sórí pẹpẹ, afẹ́fẹ́ gbígbóná a ti omi láti inú ìkòkò kan bọ́ sínú korobá, korobá a wúwo, a fa okùn, ilẹ̀kùn a sì ṣí. Ní 1954, Dee Horton àti Lew Hewitt, ní ìlú Corpus Christi ní Amẹ́ríkà, ronú ilẹ̀kùn tí ń yọ́ sí ẹ̀gbẹ́ bí ẹsẹ̀ bá ti tẹ ẹní tí ó wà níwájú rẹ̀, nítorí pé ẹ̀fúùfù ìlú wọn ń da ilẹ̀kùn mìíràn láàmú. Afọ́jú ni gbogbo ilẹ̀kùn wọ̀nyí. Ewúrẹ́ tí ó bá wúwo tó láti tẹ ẹní náà yóò wọlé bí ọ̀gá ilé.

Ilẹ̀kùn tí ó ń ríran ní kámẹ́rà níwájú, ó sì ní kọ̀ǹpútà lẹ́yìn. Òǹkà lásán ni àwòrán jẹ́ fún kọ̀ǹpútà, òǹkà tí ń sọ bí ibì kọ̀ọ̀kan nínú àwòrán náà ti mọ́lẹ̀ tàbí ti ṣókùnkùn tó. A kò lè jókòó kọ òfin fún un pé báyìí ni ojú lágbájá rí, nítorí ojú kan náà a máa yàtọ̀ ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́, nígbà tí a bá wé gèlè àti nígbà tí a bá ṣí orí sílẹ̀. Nítorí náà, a ń kó àpẹẹrẹ púpọ̀ síwájú rẹ̀, a sì ń sọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́. Bí ó bá ṣì í, a ó yí òǹkà inú rẹ̀ padà díẹ̀, títí yóò fi máa gbà á. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọdé ṣe ń mọ ewúrẹ́ yàtọ̀ sí àgùntàn láìsí ẹni tí ó ka òfin fún un. Ṣùgbọ́n ìgbà díẹ̀ tó fún ọmọdé, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni ẹ̀rọ ń bèèrè.

Àpẹẹrẹ tí ó dùn jù lọ wá láti ìlú Seattle, ní Amẹ́ríkà, ní 2019. Òṣìṣẹ́ kan ní ilé-iṣẹ́ Amazon ní ológbò tí ó ń jẹ́ Metric, tí ó ní ilẹ̀kùn kékeré tirẹ̀, tí ó sì máa ń gbé òkú eku àti òkú ẹyẹ wọlé. (Ní ilẹ̀ Yorùbá, a ó yìn ín fún ti eku.) Ọkùnrin náà fi kámẹ́rà sí ẹnu ọ̀nà, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣa àwòrán bí 23,000 sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ẹ̀rọ bá rí ẹran lẹ́nu ológbò, ilẹ̀kùn a tì fún ìṣẹ́jú 15, owó díẹ̀ a sì lọ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ tí ń dáàbò bo ẹyẹ, bí owó ìtanràn. Láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ológbò kọjá ní ìgbà 180. Nínú ìgbà 7 tí ó gbé ẹran dé, ilẹ̀kùn tì í síta ní ìgbà 6. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó sì tì í síta láìṣẹ̀.

Àṣìṣe méjì náà nìyẹn: kí ilẹ̀kùn ṣí fún ẹni tí kò yẹ, tàbí kí ó tì mọ́ ẹni tí ó yẹ. Ẹ̀rọ kì í sọ pé òun ni tàbí òun kọ́. Bí ohun kan ti jọ òmíràn tó ni ó ń sọ, ènìyàn ni ó sì ń pinnu bí ìjọra náà ti gbọ́dọ̀ pọ̀ tó kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Bí a bá mú òṣùwọ̀n náà le, onílé yóò máa dúró nínú òjò; bí a bá dẹ̀ ẹ́, àjèjì yóò máa wọlé. Bí àṣìṣe kan ti ń dín kù ni èkejì ń pọ̀ sí i.

Fún ológbò, ìṣẹ́jú 15 kò tó nǹkan. Nígbà tí ó bá kan ènìyàn, ọ̀rọ̀ di ńlá. Yorùbá gbà pé ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀rọ pẹ̀lú ń wá ọ̀rọ̀ lójú, ṣùgbọ́n irú ojú tí wọ́n fi kọ́ ọ ni ó mọ̀ ọ́n kà jù. Ní 2018, Joy Buolamwini àti Timnit Gebru gbé ojú àwọn aṣòfin 1,270, láti orílẹ̀-èdè mẹ́ta ní Áfíríkà àti mẹ́ta ní Yúróòpù, síwájú ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ mẹ́ta, pé kí wọ́n sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Lórí ọkùnrin aláwọ̀ funfun, àṣìṣe wọn kò ju 0.8 nínú 100 lọ. Lórí obìnrin aláwọ̀ dúdú, ó dé 34.7.

Ní 2019, NIST, ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ó ń bójú tó òṣùwọ̀n, dán ẹ̀rọ 189 wò lórí ojú àwọn ènìyàn láti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, Nàìjíríà sì wà nínú wọn. Wọ́n rí i pé púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ náà a máa pe ẹni méjì ní ẹnì kan, àti pé àṣìṣe yìí pọ̀ lórí àwọn ará ìwọ̀-oòrùn àti ìlà-oòrùn Áfíríkà àti àwọn ará ìlà-oòrùn Éṣíà ju lórí àwọn ará ìlà-oòrùn Yúróòpù lọ. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀rọ kan tí wọ́n ṣe ní Ṣáínà kò ṣi ojú àwọn ará ìlà-oòrùn Éṣíà mú bẹ́ẹ̀. Ó hàn, nígbà náà, pé àwọ̀ kọ́ ni ó ni ẹ̀bi. Ẹni tí ó bá gbé irú ẹ̀rọ àjèjì bẹ́ẹ̀ sí ẹnu ilé ìṣúra ní Ìbàdàn lè rò pé òun ti rí oníbodè, kí ó sì jẹ́ pé ìdajì àdúgbò ni oníbodè náà ń kí bí ọ̀gá. Ti àwọn ìbejì tí wọ́n jọra bí ìmumu tilẹ̀ tún le ju èyí lọ: òtítọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Iná mànàmáná kù. Irú àgádágodo oníná méjì ni ó wà: ọ̀kan a máa ṣí bí iná bá lọ, èkejì a máa wà ní títì. Ti àkọ́kọ́ yẹ ilé tí èrò pọ̀ sí, kí ẹnikẹ́ni má bàa há sínú ilé tí ń jó. Ti èkejì yẹ yàrá ìṣúra. Níbi tí iná ti ń lọ nígbà gbogbo, ó yẹ kí ẹni tí ó ń ra ilẹ̀kùn bèèrè èwo ni wọ́n ń tà fún un, kí ó sì bèèrè ojú àwọn wo ni wọ́n fi dán an wò, kí ó tó dá ẹni tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ dúró lẹ́nu iṣẹ́.